Wíìgì Kẹ́hìndé àti Ojú Táyé

Bí ènìyàn bá ti Ẹnuwá bọ̀ tó gba ọ̀nà Ìlare, kò sí bí kò ṣe ní rí pátákó Kẹ́hìndé onídìrí. Obìnrin tí wọ́n yà sára pátákó náà ní irun tó balẹ̀ dé ìbàdí. Ó ń rẹ́rìn-ín, ojú rẹ̀ kan sì tóbi ju èkejì lọ, nítorí pé ẹni tó yà á ń kánjú lọ jẹun. Ní ọdún 1994 tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, àwọn ọmọbìnrin yunifásítì a máa tò síwájú ṣọ́ọ̀bù yìí ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, wọn a máa bá ara wọn jà nítorí ẹni tí yóò kọ́kọ́ jókòó.

Kẹ́hìndé jẹ́ ẹni ọdún méjìléláàádọ́ta, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò gbà bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà tó ti wà lọ́mọ ogún ọdún ló ti ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ òrùlé, ojú rẹ̀ sì ń dán bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi omi tútù bọ́ ọ. Ó fẹ́ràn kí àwọn ènìyàn máa bi í léèrè ọjọ́ orí rẹ̀, kí ó lè máa kọ̀ láti sọ. Orí rẹ̀ gan-an ló sì fi ń polówó iṣẹ́. Lóṣù yìí ó lè jẹ́ irun kékeré tó ká jọ, lóṣù tó ń bọ̀ ó lè jẹ́ èyí tó dọ́bálẹ̀ sí èjìká. Àwọn oníbàárà á ní, "Màmá, irú ti yín yìí gan-an la fẹ́." Màmá á sì yí orí díẹ̀ kí wọ́n lè rí ẹ̀yìn.

Ohun tí wọn kò mọ̀ ni pé kò sí ẹyọ kan nínú irun wọ̀nyẹn tó hù láti orí Kẹ́hìndé. Wíìgì ni. Fúnra rẹ̀ ló ń rán an, tí ó bá ti ti ilẹ̀kùn, tó ti fa kọ́tìnì, tó sì ti tún lọ wò ó bóyá òun ti ilẹ̀kùn lóòótọ́. Lábẹ́ wíìgì náà, ní àárín orí rẹ̀ gbọnrangandan, pípá wà. Ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn ló bẹ̀rẹ̀, kò sì ju ojú kọ́bọ̀ lọ nígbà náà. Ní báyìí ó ti tó àwo tíì, ó sì ń kọ mọ̀nà. Irun tó ṣẹ́ kù yí i ká bí ọgbà tí wọ́n ṣe yí ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò kọ́lé sí.

Kò sí ohun tí kò tíì fi sí i. Ó fi òrí, ó fi ẹyin tútù, ó fi omi àlùbọ́sà títí tí ológbò ilé fi ń sá fún un. Irun kò hù. Ẹ̀rù sì ń bà á, kì í ṣe ẹ̀rù kékeré. Ta ni yóò gbé orí wá fún apárí pé kó bá òun dì í? Lọ́jọ́ tí wíìgì yẹn bá ṣí lójú ènìyàn méjì, ṣọ́ọ̀bù tó fi ọgbọ̀n ọdún gbé ró ti parí nìyẹn. Ìdí nìyí tí kò fi gba kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan orí rẹ̀, kì í wọkọ̀ tí fèrèsé rẹ̀ kò ṣeé pa dé, bí atẹ́gùn bá sì fẹ́, á di orí mú bí ẹni tí èrò ńlá ń dà láàmú.

Nígbà tó di ọ̀gbẹlẹ̀ ọdún náà, etí pípá náà bẹ̀rẹ̀ sí í jó o. Á máa yún un, á máa ta á, tó bá sì bọ́ wíìgì ní alẹ́, á bá irun mẹ́fà méje nínú rẹ̀, irun tirẹ̀ gan-an. Ọgbà náà ti ń wó. Bí èyí tó kù bá tún lọ, kò ní sí ohun tí yóò fi píìnì wíìgì mọ́. Ó mọ̀ pé ó yẹ kí òun rí dókítà, ṣùgbọ́n Mojíre ló ń kọ káàdì fún àwọn aláìsàn tuntun ní ẹnu ọ̀nà ọsibítù, Mojíre yìí sì ni oníbàárà rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì. Ohun tí Mojíre bá gbọ́ ní àárọ̀, kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn ará Mọdákẹ́kẹ́ ti ń sọ ọ́ fún ara wọn.

Mọdákẹ́kẹ́ náà ni Kẹ́hìndé gbọ̀nà lọ, nítorí ibẹ̀ ni Táyé wà.

Ìbejì ni wọ́n. Táyé ló kọ́kọ́ jáde, gẹ́gẹ́ bí orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo ọmọ Yorùbá ló mọ̀ pé Kẹ́hìndé ni àgbà, pé òun ló rán Táyé síwájú kó lọ wo bí ayé ṣe rí. Láti ìgbà tí Táyé ti wà lọ́mọ ọdún méje ló ti ń bá ọ̀rọ̀ yìí jà. "Èmi ni mo kọ́kọ́ dé, ìwọ tí o ń sùn lẹ́yìn ni wọ́n ń pè ní ẹ̀gbọ́n. Ṣé ẹ̀gbọ́n a máa pẹ́ dé bẹ́ẹ̀ ni?" Kẹ́hìndé á kàn rán an níṣẹ́.

Ṣùgbọ́n Táyé fẹ́ ọkọ sí Mọdákẹ́kẹ́, iṣẹ́ láfún ló sì ń ṣe. Fún ọgbọ̀n ọdún, orí àpáta ló ń sá láfún sí, láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, á jókòó tì í nítorí ewúrẹ́. Oòrùn náà kò sì ṣe é ní ojúsàájú. Ojú Táyé hun jọ, àbàwọ́n dúdú fọ́n sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti iwájú orí rẹ̀, awọ ọrùn rẹ̀ nípọn, ó sì fàya. Bí àwọn méjèèjì bá jọ ń lọ lọ́nà, Táyé ni àwọn ènìyàn ń kọ́kọ́ kúnlẹ̀ kí. Ohun tó ti ń wá láti ọmọ ọdún méje ti dé, inú rẹ̀ kò sì dùn sí i rárá. Ó fẹ́ jẹ́ ẹ̀gbọ́n lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe pé kí ojú rẹ̀ máa ṣe ẹlẹ́rìí. Lọ́jọ́ tí obìnrin kan bi í pé, "Ṣé àbígbẹ̀yìn yín nìyí?" tó sì na ìka sí Kẹ́hìndé, ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò mọ́ tán tí Táyé fi dé ọ̀dọ̀ dókítà awọ ara.

Dókítà ya fọ́tò rẹ̀, ó fún un ní ìpara nínú ike àti akẹtẹ̀ fẹ̀gẹ̀dẹ̀ kan, ó ní kó padà wá lẹ́yìn oṣù kan. Táyé gbóòórùn ìpara náà, kò fẹ́ràn rẹ̀, ló bá ń fi í pa gìgísẹ̀ tó là. Akẹtẹ̀ náà, ó fi ń bo agbada láfún.

"Ó ní kí n má jókòó sínú oòrùn mọ́," ó sọ fún Kẹ́hìndé. "Ṣé inú òjò ni kí n ti máa sá láfún ni?"

Ọjọ́ tí Kẹ́hìndé lọ bá a, ó ní kó ti ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn náà ló bọ́ wíìgì. Láti ọdún mẹ́jọ, Táyé ni ẹni àkọ́kọ́ tó rí i. Táyé rẹ́rìn-ín ná, nítorí pé bí tirẹ̀ ti rí nìyẹn, ṣùgbọ́n nígbà tó rí i pé omi ti ń bọ́ lójú èkejì òun, ẹ̀rín náà gbẹ.

"Kẹ́hìndé, láti ìgbà wo? O ò sì sọ fún mi?"

"Kí n sọ fún ọ, kí o fi ṣe mí ní yẹ̀yẹ́?"

"Mo ti fi ṣe ọ́ tán báyìí. Jókòó." Táyé wọ yàrá lọ, ó mú káàdì ọsibítù rẹ̀ wá. "Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni wọ́n ní kí n padà wá, n kò sì ní lọ. Mú un. Ẹni tó bá ti ní káàdì kì í dé ọ̀dọ̀ Mojíre, ọ̀dọ̀ dókítà ló ń lọ tààrà. Ojú kan náà ni a ní kí oòrùn tó yà wá. Ta ni yóò mọ̀? Àmọ́ o, lọ́jọ́ tí o bá fi orúkọ mi jókòó níbẹ̀, èmi ni ẹ̀gbọ́n."

"Ó di ìgbà tí mo bá kú."

Táyé tún rẹ́rìn-ín, ó sì fún un ní káàdì náà.

Ní ọjọ́ Ajé, Kẹ́hìndé fi ìborùn bo wíìgì dé iwájú orí, ó sáré kọjá níwájú Mojíre, ó sì lọ jókòó láàárín àwọn aláìsàn. Nọ́ọ̀sì pè, ó ní, "Táyé Oyèlárán!" Ẹnikẹ́ni kò dáhùn. Ó tún pè é. Kẹ́hìndé pẹ̀lú àwọn yòókù wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, Kẹ́hìndé pòṣé, ó sọ fún ẹni tó jókòó tì í pé, "Àwọn ènìyàn mìíràn ò bìkítà rárá. Wọ́n ń pè é, kò dáhùn!" Ìgbà náà ló rántí. Ó dìde bí ẹni tí kòkòrò ta.

Dókítà Adéagbo, dókítà awọ ara náà, kò tíì ju ogójì ọdún lọ. Awò ojú rẹ̀ nípọn bí ìdí ìgò, ó sì nífẹ̀ẹ́ iṣẹ́ rẹ̀ débi pé ó lè di ènìyàn lọ́wọ́ mú lọ́nà, kó máa wo àpá apá rẹ̀. Fúnra rẹ̀ ló po ìpara tó ń fún àwọn aláìsàn. Àwọn dókítà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì ń fi í ṣe ẹlẹ́yà, pé oníṣẹ́ ìpara ni, pé kò sí ẹni tí awọ ara ń pa kú. Ó ṣí fáìlì, ó ń ka ohun tí òun fúnra rẹ̀ kọ: ojú híhunjọ gidigidi, àbàwọ́n dúdú, awọ nínípọn, oòrùn ọgbọ̀n ọdún. Ó gbé ojú sókè.

Ó wo fọ́tò Táyé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ fáìlì, ó wo Kẹ́hìndé. Ó gbé fọ́tò náà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí Kẹ́hìndé. Imú ọ̀kan náà. Èjí ọ̀kan náà. Ó fi ẹ̀yìn bírò ka pélé ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, mẹ́ta ní ọ̀tún, mẹ́ta ní òsì, èyí tó wà nísàlẹ̀ tẹ̀ díẹ̀. Ó ka ti fọ́tò, òun náà tẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu, olóólà kan ṣoṣo ló kọ àwọn méjèèjì ní ọjọ́ kan náà, ọwọ́ rẹ̀ sì ti ń gbọ̀n nígbà náà.

"Ó ṣiṣẹ́!" ni Dókítà figbe bọnu. "Nọ́ọ̀sì! Ẹ wá! Ó ṣiṣẹ́! Oòrùn ọgbọ̀n ọdún, oṣù kan péré!"

"Dókítà," ni Kẹ́hìndé wí, "ọ̀rọ̀ orí mi ni mo bá wá."

"Orí á dúró, Màmá. Ẹ sọ fún mi, ẹ̀ẹ̀mélòó lẹ fi ń pa á lójúmọ́?"

Ohun tí Táyé sọ fún Kẹ́hìndé nípa ìpara náà ló sáré wá sí i lẹ́nu. "Gìgísẹ̀ ni mo fi ń—"

"Gìgísẹ̀ náà!" Dókítà kọ ọ́ sílẹ̀.

Kí ó tó mọ̀, ẹnu ọ̀nà ti kún. Nọ́ọ̀sì mẹ́ta, alágbàálẹ̀ kan, àti àwọn aláìsàn tó ń dúró, gbogbo wọn ń yọrí wo ojú tó di ọ̀tun. Obìnrin kan fẹ́ fọwọ́ kàn án. Báwo ni Kẹ́hìndé ṣe máa bọ́ wíìgì níwájú irú èrò yìí? Ó di ìborùn rẹ̀ mú, orí rẹ̀ sì ń jó o lábẹ́ rẹ̀. Dókítà di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ní ní ọjọ́rú, gbogbo àwọn dókítà àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń pé jọ ní gbọ̀ngàn ńlá, kí ẹni tó bá ní nǹkan àrà fi hàn wọ́n. Ó bẹ̀ ẹ́ kó wá. "Tí ẹ bá ti wá, Màmá, lẹ́yìn náà èmi fúnra mi á jókòó, màá wo orí yín dáadáa, kò ní sí ẹni tí yóò lé wa." Ojú ọkùnrin náà ń dán bí ti ọmọdé lọ́jọ́ ọdún. Kẹ́hìndé rò ó pé tí òun bá sọ òtítọ́, wọ́n á ní kí òun lọ gba káàdì lọ́wọ́ Mojíre. Ó ní òun á wá.

Ọ̀rọ̀ ìpara náà kò dúró di ọjọ́rú. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, àwọn obìnrin ti ń kan ilẹ̀kùn ní Mọdákẹ́kẹ́, wọ́n ń béèrè Táyé Oyèlárán tó padà di ọmọge. Táyé jáde sí wọn. Wọ́n wò ó, wọ́n wo ara wọn, wọ́n pòṣé, wọ́n lọ. Nígbà tí ọ̀wọ́ kẹrin lọ, inú bí Táyé. Ó mọ̀ pé Kẹ́hìndé ni wọ́n rí, ìyẹn kò dùn ún. Ohun tó dùn ún ni èyí tí ọ̀kan nínú wọn sọ, pé wọ́n fẹ́ fi fọ́tò rẹ̀ han gbogbo dókítà, kí wọ́n rí bó ṣe burú tẹ́lẹ̀.

Ní ọjọ́rú, gbọ̀ngàn náà kún fọ́fọ́. Wọ́n pa iná, ẹ̀rọ kan sì gbé ojú Táyé sára ògiri, ó tóbi ju ilẹ̀kùn lọ. Kẹ́hìndé jókòó níwájú, ó ń wo èkejì rẹ̀. Kò tíì wò ó bẹ́ẹ̀ rí. Dókítà Adéagbo ń fi ọ̀pá tọ́ka, ó ń ṣàlàyé pé kì í ṣe ọjọ́ orí ló ṣe èyí. "Ẹ wo abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀, níbi tí oòrùn kò dé. Ó ń dán. Ẹ wo èjìká tí bùbá ń bò. Awọ ọmọge ni. Ọjọ́ orí kì í yan ibi tó máa hun, oòrùn ló ń yàn." Nínú ọkàn Kẹ́hìndé, nǹkan kan dùn ún. Ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún rò pé òun lẹ́wà ju Táyé lọ. Kò rò ó pé òrùlé nìkan ni òun ní tí Táyé kò ní.

"Ẹ wò ó lónìí!" Dókítà tan iná, ó sì ní kí Kẹ́hìndé dìde. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Bó ṣe yí padà sí wọn ni ojú rẹ̀ bọ́ sí ti Fisáyọ̀mi, ọmọ tó ń kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn, tó jókòó ní ìlà kejì. Irun tí Kẹ́hìndé fi kóòmù irin gbígbóná nà fún un ní Sátidé ṣì ń dán lórí rẹ̀. Fisáyọ̀mi la ẹnu, kò pa á dé.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Awóníyì, bàbá arúgbó tó jókòó nígun, gbé ọwọ́ sókè. "Adéagbo, oṣù kan lo wí?"

Ilẹ̀kùn ṣí kó tó dáhùn. Táyé wọlé pẹ̀lú akẹtẹ̀ lọ́wọ́, etí akẹtẹ̀ náà funfun fún láfún. Ó wo ògiri.

"Ta ló ní kí ẹ gbé ojú mi kọ́ síbẹ̀ yẹn?"

Dókítà Adéagbo wo ògiri. Ó wo Táyé. Ó wo Kẹ́hìndé. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un wọ̀, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ láti orí ògiri.

"Adéagbo," ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Awóníyì wí, "ìpara rẹ yìí mà lágbára o. Ó bí ìbejì!"

Gbọ̀ngàn náà wó fún ẹ̀rín. Àwọn kan ń lu tábìlì, àwọn kan ń nu ojú. Táyé fúnra rẹ̀ rẹ́rìn-ín kó tó rántí pé òun ń bínú. Dókítà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó dúró, ọ̀pá ọwọ́ rẹ̀ ṣì ń tọ́ka sí ògiri. Àánú rẹ̀ ṣe Kẹ́hìndé gidi gan-an, ojú sì tì í, nítorí pé òun ló fi irọ́ gbé ọkùnrin náà dé ibẹ̀. Ilẹ̀kùn kò jìnnà. Ó lè fa Táyé lọ́wọ́ kí wọ́n jáde. Ṣùgbọ́n tó bá jáde, ta ni yóò wo orí rẹ̀ láéláé? Ìjóná náà sì wà níbẹ̀, kò sinmi láti àárọ̀.

Ó yọ píìnì méjì, ó sì bọ́ wíìgì náà.

Ẹ̀rín náà dákẹ́ láti iwájú lọ sí ẹ̀yìn.

"Ẹ má bínú, Dókítà," ni Kẹ́hìndé wí. "Kẹ́hìndé lorúkọ mi. Èkejì mi ló ni ojú. Èyí ni mo bá wá."

Dókítà Adéagbo gbé ọ̀pá sílẹ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀ wá, ó ní kó jókòó, ó yọ dígí kékeré tó ń mú nǹkan tóbi láti inú àpò, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti yàtọ̀, ó ti rọlẹ̀.

"Ibo ló ti bẹ̀rẹ̀, Màmá?"

"Àárín gan-an."

"Ó ń jó yín?"

"Etí rẹ̀."

"Iṣẹ́ wo lẹ ń ṣe?"

"Mò ń dirun. Ìlare ni mo wà."

"Ta ló ń ṣe tiyín fún yín?"

"Èmi náà ni." Dókítà kò yéé béèrè, Kẹ́hìndé kò sì yéé dáhùn: kóòmù irin láti ọmọ ọdún méjìdínlógún, rílásà tó ń na irun láìsí iná lé e lórí nígbà tó dé, kódà nígbà tí awọ orí bá ti bó, lẹ́yìn náà ni yóò dì í le kó lè pẹ́. Bó ṣe ń kà á bẹ́ẹ̀, ó gbọ́ ọ fúnra rẹ̀. Kò kà á papọ̀ rí.

Dókítà pe àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sún mọ́ wọn. "Ẹ má wo irun. Ẹ wo awọ. Ẹ wá ihò tí irun ń gbà jáde. Létí níbí, ẹ rí i? Ó wà, ó pọ́n díẹ̀, ó ń jà. Ní àárín, kí lẹ rí?"

"Kò sí, sà," ni ẹnì kan wí. "Ó kàn ń dán ni."

"Àpá ni. Ibi tí ihò irun bá ti di àpá, irun kò ní ọ̀nà mọ́." Ó yí sí Kẹ́hìndé. "Màmá, màá gé awọ tí kò ju hóró ìrẹsì lọ níbi etí rẹ̀, ká lè fi ẹ̀rọ wò ó, kó dá wa lójú. Mi ò ní purọ́ fún yín. Àárín yìí kò ní hù mọ́. Ti etí ṣì wà, oògùn lè dá a dúró, tí iná àti rílásà kò bá tún kàn án láti òní lọ."

Kẹ́hìndé sunkún níwájú gbogbo wọn. Ọdún mẹ́jọ ló fi ń retí pé ó lè hù. Táyé wá dúró tì í, ó gbé ọwọ́ lé e lẹ́yìn. Nígbà tí Kẹ́hìndé nu ojú, tó gbé orí sókè, ó rí Fisáyọ̀mi láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yòókù. Ọmọ náà kò wò ó. Ọwọ́ rẹ̀ ń gòkè díẹ̀díẹ̀, ó dé orí ara rẹ̀, ó sì dúró sí àárín gan-an. Èyí dun Kẹ́hìndé ju ohun tí dókítà sọ lọ.

Oòrùn ọ̀sán ń ràn nígbà tí wọ́n jáde. Táyé gbọn láfún kúrò lára akẹtẹ̀ rẹ̀, ó sì dé e lé Kẹ́hìndé lórí.

"Ìwọ ni dókítà fún," ni Kẹ́hìndé wí.

"Wọ́n á fún mi ní òmíràn. Màá sì dé e lọ́tẹ̀ yìí, mo ti rí ojú mi lára ògiri."

Wọ́n rìn díẹ̀. "Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n mi," ni Kẹ́hìndé wí.

Táyé dúró sójú ọ̀nà. "Tún un sọ."

"Ó ti tán."

Ní Sátidé, Kẹ́hìndé ṣí ṣọ́ọ̀bù, ó jókòó, ó dé akẹtẹ̀. Kò wọ wíìgì. Mojíre kò sí nínú gbọ̀ngàn lọ́jọ́rú, ṣùgbọ́n ó sọ ọ̀rọ̀ náà ju àwọn tó wà níbẹ̀ lọ. Aago mẹ́jọ lù, aago mẹ́sàn-án lù, bẹ́ǹṣì ìta ṣófo. Kẹ́hìndé tan sítóòfù nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ kò mọ ohun mìíràn tí yóò ṣe, kóòmù irin sì wà lórí rẹ̀, ó ń pọ́n. Ó rò ó pé ohun tó ń bà òun lẹ́rù fún ọdún mẹ́jọ ti dé, pé báyìí ló ṣe rí.

Fisáyọ̀mi wọlé. Ó kúnlẹ̀ kí i, ó jókòó sórí àga, ó sì bọ́ ìborùn rẹ̀.

"Màmá, ẹ bá mi wò ó."

"Ìwọ kọ́ ni dókítà ni?"

"N kò lè rí àárín orí ara mi, mà."

Kẹ́hìndé yà á síbi ìmọ́lẹ̀. Ó ti di ẹgbẹẹgbẹ̀rún orí mú láyé rẹ̀, irun wọn ló mọ̀. Kò wo awọ ìsàlẹ̀ rí bí kò ṣe láti mọ ibi tí yóò fi rílásà sí. Ó la irun ọmọ náà sí méjì, ó rọra ń wá ihò kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń ṣa òkúta nínú ẹ̀wà. Ó dé àárín. Ibì kan wà níbẹ̀ tí kò ju bọ́tìnnì ẹ̀wù lọ. Ó ń dán.

"Màmá, ṣé ihò wà níbẹ̀?"

Ó lè ní ó wà. Ọmọ náà á rẹ́rìn-ín, á máa lọ, á sì padà wá ní ọ̀sẹ̀ méjì sí i.

"Kò sí," ni Kẹ́hìndé wí. "Ó kéré, ṣùgbọ́n kò sí. Èmi ni mo ṣe é. Ní ọjọ́ Ajé a jọ máa lọ bá Dókítà Adéagbo, tìrẹ ò tíì pẹ́, ó máa dá a dúró." Ó fẹ́ kúnlẹ̀ fún ọmọ náà, Fisáyọ̀mi sáré di apá rẹ̀ mú, àwọn méjèèjì sì ń sunkún, kóòmù sì ń jó lórí iná. Òórùn rẹ̀ ló jí Kẹ́hìndé. Ó lọ pa sítóòfù náà, ó gbé kóòmù irin náà síta, ó jù ú sínú garawa omi, ó sì hó ṣìììì títí ó fi dákẹ́.

Nígbà tó yí padà, Mojíre dúró sẹ́nu ọ̀nà, àwọn obìnrin mẹ́rin sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Kò sí ẹni tó gbé irun wá láti dì nínú wọn. Mojíre ti tú gèlè, ó dì í mọ́ àyà bí ẹni tó fẹ́ wọ ilé adájọ́.

"Màmá," ló wí, ohùn rẹ̀ kéré fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, "wọ́n ní ẹ ń wo orí."

Kẹ́hìndé na ọwọ́ sí bẹ́ǹṣì. Wọ́n tò, wọ́n jókòó. Ó bọ́ akẹtẹ̀ kúrò lórí rẹ̀, kí wọ́n kọ́kọ́ rí ohun tí òun ń wá lórí wọn, ó sì pe ẹni àkọ́kọ́.